Ruger tuntun mi ní etí lẹ́yìn síláìdì: ṣé ká gé e ni àbí ká fi sílẹ̀?

AdukeHTX

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tèmi. Mo ra Ruger Security-380 láìpẹ́ yìí, ìbọn ìléwọ́ kékeré tó ń lo ọta .380, tèmi gan-an ni o, kì í ṣe ti ọkọ mi. Ohun tó jẹ́ kí n mú òun ni pé ọwọ́ ń dùn mí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ká gbé aláìsàn, ká yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, oríkèé ìka mi ti wá ń ro mí gan-an, pàápàá ti ọwọ́ òsì. Gbogbo ìbọn 9mm, tí ọta wọn lágbára ju .380 lọ, tí wọ́n gbé fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè fa síláìdì wọn (irin orí ìbọn téèyàn ń fà kí ọta tó wọlé) sẹ́yìn dé ibi tó yẹ kó dé. Eléyìí ni mo fà tó gbọ́. Lite Rack ni Ruger pe ètò yẹn, síprìǹgì inú ẹ̀ rọ̀ díẹ̀, wọ́n wá gbẹ́ etí méjì sí ẹ̀yìn síláìdì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, tó yọ síta kí ìka lè rí nǹkan dì mú.

Ọkọ mi ò fẹ́ràn etí yẹn rárá. Ó ní ó ba ẹwà ìbọn náà jẹ́, ó ní ó ń há mọ́ aṣọ, kò sì wọ inú hólísítà, àpò ìbọn tí òun rà fún mi, dáadáa. Ó ní ká fi Dremel, ẹ̀rọ ọwọ́ kékeré tó ń yí gé nǹkan, gé e kúrò, ó ní iṣẹ́ kékeré ni, ó wà ní gáréèjì. Mo ní kó fara balẹ̀ ná, kí n bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹnì kan ti gé tiẹ̀ rí? Ṣé kì í ba nǹkan míì jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé, ọjọ́ yẹn ló máa ráyè.

OmoAlagbede_DFW

Àǹtí mi, ẹ kú àárọ̀. Ẹ bá mi bẹ bùrọ̀dá kí wọ́n gbé Dremel yẹn sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ ìbọn títún ṣe ni mò ń jẹ níbí ní Dallas, irú ìbọn yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Etí yẹn kì í ṣe nǹkan tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ọn téèyàn á kàn tú kúrò tó bá ti sú u. Inú irin síláìdì gan-an ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde, irin kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá ti gé e, ó tán nìyẹn, ẹ ò lè lẹ̀ ẹ́ padà, àfi síláìdì míì.

Dúdú tó wà lára irin yẹn náà kì í ṣe ọ̀dà. Kẹ́míkà ni wọ́n fi sọ ojú irin di dúdú, ó sì fẹ́lẹ́ gan-an. Ibi tí fáìlì bá ti kàn á di funfun, ibi tó bá ti funfun á sì dípẹtà, Houston lẹ sì wà, ẹ̀yin náà mọ bí ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ ṣe rí, téèyàn bá wá so ìbọn mọ́ ìdí, òógùn ò ní jẹ́ kó sinmi. Wọ́n máa ń ta oògùn dúdú nínú ìgò téèyàn lè fi pa ojú ibẹ̀, mo ní in ní ṣọ́ọ̀bù mi, àmọ́ kì í lágbára bíi ti ilé-iṣẹ́, láìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí o. Ẹ̀yìn síláìdì níbi tí etí wà yẹn, inú ibẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ tó ń lu ìdí ọta ń gbà kọjá. Èérún irin tó bá wọ ibẹ̀, ó lè há abẹ́rẹ́ yẹn mọ́lẹ̀. Kí ọjọ́ tẹ́ ẹ nílò ìbọn ó wá kọ̀ láti yìn, tàbí kí abẹ́rẹ́ há síwájú, èyí burú ju kó kọ̀ lọ. Ẹni tó bá máa fọwọ́ kan irin ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tú gbogbo inú ẹ̀ jáde tán pátápátá, kó sì fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà. Ooru Dremel náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi iná mú irin yẹn le nílé-iṣẹ́, tí ẹ̀rọ bá mú un gbóná débi tí àwọ̀ ẹ̀ ń yí sí búlúù, líle yẹn ló ń lọ yẹn. Ẹ wo ìwé tó wà nínú páálí ìbọn yẹn, Ruger fúnra wọn kìlọ̀ níbẹ̀ pé ká má yí nǹkan kan padà lára ẹ̀.

TundeATL

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mi ò fara mọ́ ọn tán. Ẹ sọ̀rọ̀ bíi pé ẹni tó bá gé e ti ba ìbọn jẹ́. Mo ní irú ìbọn yìí, mo sì ti yọ etí tèmi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń fi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, inú mọ́tò ni mo sì máa ń wà jù lójúmọ́. Etí yẹn ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, tí mo bá fẹ́ fà á yọ á fa ṣẹ́ẹ̀tì dání. Téèyàn bá gbé ìbọn nítorí ààbò tó wá ń há mọ́ aṣọ nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kí wá ni àǹfààní ẹ̀?

Mi ò fi Dremel ṣe é o. Mo gbé síláìdì lọ bá gunsmith, ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, ó fi ẹ̀rọ ńlá fá etí yẹn títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ara síláìdì, ó wá fi Cerakote, ọ̀dà líle tí wọ́n ń fi kun ìbọn, kun gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i báyìí ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí. Ìbọn èèyàn ni, owó èèyàn ni, kò sì sófin tó ní kéèyàn má fá irin síláìdì ara ẹ̀.

OmoAlagbede_DFW

Tunde, o ṣe é bó ṣe yẹ, mi ò bá ẹ jà. Òfin náà, òótọ́ lo sọ, ohun tí òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà ni pé kéèyàn pa nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ìbọn rẹ́, ẹni tó bá ń fi fáìlì ṣeré kó má sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Àmọ́ wo ìbéèrè tí àǹtí bi. Ìwọ ọkùnrin tọ́wọ́ ẹ le, o lè di síláìdì tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ mú, kó o sì fà á. Etí yẹn ò ṣe nǹkan kan fún ẹ, ẹrù lásán ló jẹ́ lára ẹ. Àǹtí sọ pé nínú gbogbo ìbọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù eléyìí nìkan ni ọwọ́ àwọn fà. Tí wọ́n bá yọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè fà á kúrò, kí ló kù tí wọ́n rà?

MamaKike_Katy

Àdùkẹ́ ọmọ mi, kú iṣẹ́ o. Èmi náà ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, mo ti fẹ̀yìn tì, oríkèé ọwọ́ mi wú ju tìẹ lọ, ó dá mi lójú. Jẹ́ kí n sọ ohun tó dé bá mi. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ní Walther PPK kan, ìbọn ìléwọ́ kékeré àtijọ́, tí wọ́n fẹ́ràn bí ẹyinjú wọn. .380 náà ló ń lò o, ọta kan náà pẹ̀lú tìẹ. Mi ò lè fa síláìdì ẹ̀ láyé mi. Mo máa ń rò pé ọwọ́ mi ló kú.

Nígbà tó yá mo ra Smith & Wesson EZ, .380 tó jáde lọ́dún 2018 yẹn, mo fà á ní ṣọ́ọ̀bù bíi kí n máa ṣí dúrọ́ọ̀. Òun ò ní etí ńlá bíi tìẹ, àmọ́ wọ́n jẹ́ kí ẹ̀yìn síláìdì fẹ̀ síta díẹ̀ kí ìka má bàa yọ̀, síprìǹgì ẹ̀ sì rọ̀. Mágásínnì ẹ̀, ibi tí wọ́n ń ki ọta sí, tún ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèyàn á fi fa síprìǹgì mágásínnì wálẹ̀ kó tó ki ọta, ìyẹn gba àtàǹpàkò mi lọ́wọ́ ìrora púpọ̀.

Ìkòkò tó ní etí, ẹni tọ́wọ́ ń dùn ló mọ ìwúlò etí ẹ̀. Fi etí ìbọn rẹ sílẹ̀ o jàre.

OmoAlagbede_DFW

Mummy, ẹ ṣeun. PPK tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ torí ó bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Ọta .380 kì í ṣe ọta tuntun, láti ọdún 1908 ló ti wà, John Browning ló ṣe é. Èèyàn á rò pé torí pé ọta náà ò le tó 9mm, ìbọn tó ń lò ó á rọrùn láti fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. PPK àti ọ̀pọ̀ .380 àtijọ́, kò sóhun tó ti bárẹ́lì, ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, mọ́ síláìdì lára wọn nígbà tí ọta bá yìn. Ìwúwo síláìdì àti agbára síprìǹgì nìkan ló ń dá síláìdì dúró kó má tètè ṣí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti fi síprìǹgì líle sí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fi ọwọ́ fà á, síprìǹgì líle yẹn lẹ̀ ń bá jà.

Security-380 àti EZ ò rí bẹ́ẹ̀. Bárẹ́lì àti síláìdì tiwọn ti ara wọn mọ́lẹ̀, wọ́n á jọ sún sẹ́yìn díẹ̀, bárẹ́lì á wá tẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó tú kúrò lára ara wọn. Iṣẹ́ ti pín báyẹn, síprìǹgì wá lè rọ̀. Àwọn tó ṣe ìbọn yìí ti ro ti ẹni tọ́wọ́ ń dùn láti inú wá títí dé òde. Etí yẹn kàn ni ibi tí ojú ti rí i.

SeyiBodija

Ẹ káàsán o. Ìbàdàn ni mo wà. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín yìí, ṣé ẹni tó bá ń bọ̀ nílé lè mú irú ẹ̀ dání fún ààbò? Bí ìlú ṣe le báyìí.

BabaTobi_MD

Seyi, rárá o, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí aráàlú ò gbọdọ̀ ní, ó jọ wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú ìbọn àwọn ológun ni. Ẹ̀wọ̀n ni téèyàn bá kó o gba pápákọ̀ òfuurufú kọjá.

Àǹtí Àdùkẹ́, èmi rí ọ̀nà kan láàárín gbígé àti fífi sílẹ̀. Ibi tó ń há mọ́ aṣọ, tó sì ń gún èèyàn lára, kì í ṣe gbogbo etí, ìgun ẹ̀ ni, ibi tó ṣe ṣóńṣó yẹn. Gunsmith lè fi fáìlì kékeré pa ìgun yẹn, kó dán, kó yípo, láìmú gíga etí kúrò. Ìka yín á ṣì rí ibi dì mú, aṣọ ò ní rí ibi kọ́. Ojú ibi tó máa funfun kéré, pípa á dúdú padà ò sì ní ni yín lára. Tèmi tí mo fi ṣe é, ìbọn míì ni o, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni, mo sì ń gbádùn ẹ̀ dòní.

Àwọn kan náà wà tí wọ́n fẹ́ kí síláìdì rọrùn dì mú láìgé nǹkan kankan, wọ́n á lẹ rọ́bà tàbí téèpù oníyanrìn mọ́ ọn. Ìyẹn dáa fún ìbọn tí kò ní etí. Fún tiyín kò pọn dandan, ó tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí tí òógùn bá wọ abẹ́ ẹ̀.

(Ẹni tó bá ń gbé Maryland bíi tèmi, kẹ́ ẹ rántí pé òfin 2013 ò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ta mágásínnì tó gba ju ọta 10 lọ fún wa, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ti Texas máa ń ní èyí tó gba 15 nínú páálí.)

TundeATL

Èyí tí BabaTobi sọ yẹn dáa, mo gbà á. Àmọ́ mo ṣì fẹ́ kí àǹtí dáhùn ìbéèrè kan: ṣé ẹ máa gbé e kiri ni àbí ilé ló máa wà? Torí tó bá jẹ́ inú ilé, nínú àpótí tẹ́ ẹ tì pa, kí ló kan aṣọ ká tó máa sọ pé ó ń há?

AdukeHTX

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀, mo ka èyí tí ẹ̀gbọ́n kọ nípa PPK fún ọkọ mi sókè, ó dákẹ́, ó gbọ́ o.

Tunde, ilé ló máa wà jù. Níbi iṣẹ́ mi wọn ò gbà á rárá, nítorí náà mi ò lè gbé e lọ, inú àpótí ló máa wà tí mo bá lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síṣẹ́, tí mo bá ń lọ ra ọjà lálẹ́ tàbí ń padà láti ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n bá gbà á, mo fẹ́ kó wà lára mi. Texas ò béèrè láísẹ́ǹsì mọ́ láti 2021, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ kíláàsì ẹ̀, mi ò fẹ́ gbé ohun tí mi ò mọ̀ lò.

Ọ̀rọ̀ hólísítà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò. Ike líle ni, Kydex. Ọkọ mi rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ti ìbọn bọ inú ẹ̀, ó kù díẹ̀ kó wọlé tán ló máa dúró, torí ike tó ga lẹ́yìn yẹn, èyí tó máa ń wà láàárín ìbọn àti ara èèyàn, etí ìbọn ló ń gbé e dúró. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gígé.

OmoAlagbede_DFW

Háà! Àǹtí, ẹ ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán báyìí. Hólísítà yẹn, ìbọn míì ni wọ́n gé e fún. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fi gbogbo ìbọn Ruger tó ń jẹ́ Security pọ̀ mọ́ra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí Security-9 Compact àti tiyín jọra lójú, àmọ́ ẹ̀yìn síláìdì wọn ò rí bákan náà.

Ẹ gbọ́, tí bùrọ̀dá bá ń fẹ́ fi Dremel ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé dandan, kí wọ́n fi gé hólísítà. Kydex rọrùn láti gé. Kí wọ́n wo ibi tí etí ti ń kàn án, kí wọ́n fi máákà fa ìlà, kí wọ́n gé ike ẹ̀yìn yẹn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n wá fi sáńdípépà dán ojú ẹ̀ kó má bàa ha yín lára. Tó bá bàjẹ́, hólísítà míì ò wọ́n, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìbọn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: kí ìbọn má sí nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé e, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ibi tó bo tírígà, ohun tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn, rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán, ẹ yọ mágásínnì, ẹ wo inú bárẹ́lì pé kò sí ọta, kẹ́ ẹ tó ti ìbọn bọ̀ ọ́ wò. Ó gbọ́dọ̀ wọlé tán, kó dún kọ́ọ̀, kí gbogbo tírígà bò pátápátá. Tí tírígà bá hàn síta díẹ̀ báyìí, ẹ sọ hólísítà yẹn nù.

MamaKike_Katy

Àdùkẹ́, kí n fi èyí kún un. Má fi apá fa síláìdì. Ọ̀pọ̀ wa máa ń na ọwọ́ síwájú, a ó wá máa fi ìka méjì fà á bí ẹni fẹ́ já nǹkan. Gbé ìbọn sún mọ́ àyà rẹ, kí ẹnu ẹ̀ kọjú síbi tí kò sẹ́ni kankan, kí ìka wà lẹ́yìn òde tírígà. Fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì bo orí síláìdì lẹ́yìn, kí etí méjèèjì wà lábẹ́ ìka àti ìdí àtàǹpàkò, wá fi ọwọ́ ọ̀tún TI ìbọn síwájú, ọwọ́ òsì á kàn dúró síbi tó wà. Kó o wá jẹ́ kí síláìdì já lọ fúnra ẹ̀, má bá a rìn lọ síwájú. Apá ńlá ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe oríkèé ìka. Etí yẹn ni ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ yọ̀ tí òógùn bá wà níbẹ̀. Ra ọta àfiṣeré díẹ̀, èyí tí kò ní ẹ̀tù, fi wọ́n kọ́ ọ nílé.

Sì lọ réńjì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, kó o tó ní kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irin yẹn. Ìbọn tuntun máa ń le ju bó ṣe máa rí lọ lẹ́yìn téèyàn bá ti yin ọta díẹ̀.

TundeATL

Mummy, ọ̀nà tẹ́ ẹ sọ yẹn kì í ṣe fún ẹni tọ́wọ́ ń dùn nìkan o, bí wọ́n ṣe kọ́ wa náà nìyẹn. Àǹtí Àdùkẹ́, mo ti yí ìmọ̀ràn mi padà fún tiyín. Ẹ má yọ ọ́. Tó bá di pé ó ń há mọ́ aṣọ lẹ́yìn tí hólísítà bá ti wọlé tán, ẹ ṣe ti BabaTobi, kí gunsmith pa ìgun ẹ̀ nìkan.

AdukeHTX

Ọkọ mi ní kí n bá òun kí yín. Ó ní òun gbà, hólísítà lòun máa gé, àmọ́ ó ṣì ní etí yẹn ò dáa lójú òun, mo ní kò kàn án, èmi ni mò ń fà á. Mo ti gbàyè ní réńjì, èmi àti òun la jọ ń lọ. Mummy, mo ti gbìyànjú bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ láìsí ọta nínú ẹ̀, ọwọ́ òsì mi ò ro mí bíi ti tẹ́lẹ̀ rárá, ẹ ṣé gan-an ni o.

OmoAlagbede_DFW

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àǹtí, kí wọ́n tó gé hólísítà yẹn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìbọn tí kò ní ọta níbi tó ti ń há gan-an, ẹ bo nọ́ńbà ìbọn, ẹ gbé e síbí. Màá fa ìlà sí i fún bùrọ̀dá.